Yíyan Ojú Lẹ́tà Láàárín Àwọn Tí Ó Jọra

Ẹni tí ó bá ti bá ìbejì gbé rí mọ̀ pé àlejò ni wọ́n máa ń da lójú rú; ìyá tí ó bí wọn kì í ṣi Táíwò pè ní Kẹ́hìndé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn àwọn lẹ́tà tí a fi ń tẹ̀wé rí. Bí a bá jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà láti tẹ ìwé kan, ojú lẹ́tà lóríṣiríṣi ni yóò tò síwájú wa, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò fara balẹ̀ yóò fi wí pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan a máa béèrè pé, kí ni èrè kí a máa yẹ̀ wọ́n wò lẹ́sẹẹsẹ, nígbà tí ó jẹ́ pé A ni A, tí B sì ni B? Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ ni a sì fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí ṣe.

Àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kò lè ṣàìtẹ̀wé. Ìwé àkàkọ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké, ìwé ìdánwò, ìwé ìkéde fún àwọn òbí, àti ìwé ìròyìn irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín yìí: láti ọwọ́ wa ni púpọ̀ nínú wọn yóò ti jáde. Ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà kò tí ì lè mọ ọ̀rọ̀ nípa wíwò ó gààràgà. Lẹ́tà kan lẹ́hìn èkejì ni ó fi ń wá a kiri. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo gbólóhùn yìí: Ọkọ Ṣadé gbé ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ sínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀ tí lẹ́tà wọn kò yàtọ̀ rárá. Àmì ohùn nìkan ni ó sọ èyí tí í ṣe baálé ilé, èyí tí í ṣe irinṣẹ́ àgbẹ̀, èyí tí í ṣe ohun ìjà, àti èyí tí a ń wọ̀ rìnrìn-àjò. Bí lẹ́tà tí a yàn kò bá gbé àwọn àmì wọ̀nyí dáradára, ọmọ náà yóò ka ohun tí a kò kọ, a ó sì pè é ní olódo nítorí ẹ̀bi tí í ṣe ti ìwé. Ohun tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí nìyẹn, kì í sì í ṣe ohun kékeré.

Kí a tó lè yan, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń wò. Lẹ́tà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní serif. Ó ní ẹsẹ̀ kéékèèké ní ìparí apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé a fi ìtẹ́lẹ̀ sí abẹ́ òpó ilé. Ẹ wo I ńlá nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí a tẹ̀, ẹ ó rí ìlà kékeré tí ó dábùú ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. A ó máa pè é ní lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀. Irú ẹsẹ̀ yìí ti wà láti ayé àwọn ará Róòmù, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ lẹ́tà sára òkúta. Ọwọ̀n olú-ọba Trajan, tí a parí ní ọdún 113, ṣì dúró ní ìlú Róòmù títí di òní, lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà ní ìdí rẹ̀ sì ṣe é kà.

Bí a bá kó àwọn lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ jọ, a lè pín wọn sí ilé mẹ́ta. Ilé kìn-ín-ní ni ti àwọn àgbà, níbi tí a gbé rí lẹ́tà Claude Garamond, ará Faransé tí ó kú ní 1561, àti ti William Caslon, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ti ń fín ọnà sára ìbọn kí ó tó máa gbẹ́ lẹ́tà. Nínú ilé yìí, apá tí ó nípọn àti apá tí ó tínrín lára lẹ́tà kò jìnnà sí ara wọn púpọ̀, lẹ́tà o sì dàbí ẹni tí ó fara ti ẹ̀hìn díẹ̀, nítorí pé àpẹẹrẹ ìwé tí a fi gègé kọ ni wọ́n tẹ̀lé. Ilé kejì ni ti John Baskerville, tí a bí ní 1706 tí ó sì kú ní 1775. Olùkọ́ ìwé kíkọ ni ọkùnrin yìí jẹ́ rí ní ìlú Birmingham, èyí sì yẹ kí ó dùn mọ́ wa. Nínú lẹ́tà tirẹ̀, apá tí ó nípọn túbọ̀ nípọn, apá tí ó tínrín túbọ̀ tínrín, lẹ́tà o sì nàró ṣánṣán. Ilé kẹta ni ti Giambattista Bodoni, ará Ítálì, tí ó gbé ayé láti 1740 títí di 1813. Lọ́dọ̀ rẹ̀, apá kan ki bí òpó, èkejì sì tínrín bí irun orí, ẹsẹ̀ lẹ́tà náà kò sì ju fọ́nrán òwú lọ.

Ọ̀kan tún wà tí gbogbo wa mọ̀, tí kò sì wọ ilé kan pátápátá. Times New Roman ni. Stanley Morison ni ó darí iṣẹ́ rẹ̀, Victor Lardent sì yà á, fún ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù, tí ó kọ́kọ́ lò ó ní ọjọ́ 3 oṣù October, 1932. Nítorí pé ìwé ìròyìn a máa ní òpó ọ̀rọ̀ tóóró, a ṣe lẹ́tà náà ní fífún, kí ọ̀rọ̀ púpọ̀ lè wọ àyè díẹ̀, a sì ṣe ara rẹ̀ ní gíga kí ó lè ṣe é kà bí ó tilẹ̀ kéré. Ìwé ìròyìn náà fi í sílẹ̀ ní 1972 lọ mú òmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 1992 tí a fi í sínú Windows, ó di lẹ́tà tí gbogbo ayé ń lò láìyàn.

Níbo ni kí ojú wa kọ́kọ́ wò láti dá wọn mọ̀? Ẹ wo g kékeré. Nínú lẹ́tà Baskerville, agbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò padé, ó ṣí sílẹ̀ bí ìwọ̀ ìpẹja. Nínú Times New Roman ó padé. Ẹ wo A ńlá. Nínú lẹ́tà Caslon, ṣóńṣó orí rẹ̀ ní ìtẹ̀wọ̀ díẹ̀ bí ẹni pé a fi ṣíbí bù ú. Ẹ wo J ńlá. Ti Baskerville sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìlà tí àwọn lẹ́tà yòókù dúró lé. Ẹ wo e kékeré. Ti Garamond ní ojú kékeré lókè, gbogbo ara lẹ́tà kékeré rẹ̀ sì kúrú ju ti Times New Roman lọ. Ẹni tí ó bá mọ lẹ́tà mẹ́rin wọ̀nyí dáradára kò ní í tún ṣi Táíwò pè ní Kẹ́hìndé mọ́.

Ṣùgbọ́n mímọ̀ wọ́n yàtọ̀ kò tíì jẹ́ yíyàn. Ewu kan wà tí ó máa ń gba ọ̀nà orúkọ wọlé. Ní 1760, Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ atẹ̀wé kí òkìkí rẹ̀ tó kàn nínú ọ̀ràn ìjọba, kọ lẹ́tà sí Baskerville láti ròyìn ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan ti wí níwájú Franklin pé lẹ́tà Baskerville yóò fọ́ gbogbo òǹkàwé orílẹ̀-èdè náà lójú, nítorí pé apá rẹ̀ tínrín jù. Nígbà tí ọkùnrin náà tọ̀ ọ́ wá, Franklin mú ìwé àpẹẹrẹ lẹ́tà Caslon, ó ya orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀ kúrò, ó sì gbé e fún un bí ẹni pé ti Baskerville ni. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka àbùkù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì mọ̀ pé lẹ́tà tí a fi tẹ gbogbo ìwé tí òun ti ń kà láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí ìrora ni òun ń bú. Orúkọ ni ó ń dun ojú rẹ̀. Lẹ́tà kò ṣe é ní nǹkan kan.

Orúkọ tún lè tàn wá jẹ ní ọ̀nà mìíràn. Fún ọjọ́ pípẹ́ ni a gbà pé Claude Garamond ni ó gbẹ́ àwọn lẹ́tà kan tí ó wà ní ilé ìtẹ̀wé ìjọba Faransé, a sì ṣe ojú lẹ́tà tuntun láti ara wọn, a pè é ní Garamond. Ní 1926, Beatrice Warde, obìnrin kan tí ó fi orúkọ ọkùnrin, Paul Beaujon, bo ara rẹ̀, fi hàn pé Jean Jannon ni ó gbẹ́ lẹ́tà wọ̀nyẹn, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́hìn ikú Garamond. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé títí di òní, ojú lẹ́tà méjì lè máa jẹ́ Garamond, kí ìyá wọn má sì ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá wí pé Garamond ni òun fẹ́ kò tíì sọ ohun kan pàtó. Ó kù kí ó wí pé èwo nínú wọn ni.

Ohun mìíràn tí a gbọ́dọ̀ rò ni bébà. Baskerville kò fi iṣẹ́ rẹ̀ mọ sórí lẹ́tà nìkan. Ó tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, ó po tàdáwà tirẹ̀, ó sì wá bébà tí ó jọ̀lọ̀, kí apá tínrín lára lẹ́tà rẹ̀ bàa lè hàn kedere. Bí a bá wá mú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, tí a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà olówó pọ́ọ́kú, tí a tún fi fọ́tókọ́pì ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí a sì ṣe ẹ̀dà láti ara ẹ̀dà, apá tínrín náà yóò pòórá, e yóò sì dàbí c. Ohun tí ó sì tínrín jù lọ nínú ìwé Yorùbá ni àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Àwọn ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀ kí a lè mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó. Gẹ̀ẹ́sì ní lẹ́tà fáwẹ̀lì 5. Pẹ̀lú lẹ́tà ńlá àti kékeré, ó di 10. Yorùbá ní 7, èyíinì ni a, e, ẹ, i, o, ọ, u; olúkúlùkù wọn lè wà ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín tàbí ohùn òkè, ó di 21; pẹ̀lú lẹ́tà ńlá àti kékeré, ó di 42. A kò tíì ka ṣ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ka n tí ó ń gba àmì ohùn. Nígbà tí a ń fi lẹ́tà òjé tẹ̀wé, bí irú èyí tí Henry Townsend fi bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ègé òjé ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ilé ìtẹ̀wé tí ó bá ra àpótí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò ní ohun tí yóò fi tẹ ẹ̀ tàbí ọ́ bí ó ti yẹ.

Kọ̀ǹpútà ti mú òjé kúrò, ṣùgbọ́n kò mú ìṣòro náà kúrò pátápátá. Nínú ètò Unicode, tí àwọn kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń ka lẹ́tà, á ní nọ́ńbà tirẹ̀, à ní tirẹ̀, ẹ àti ọ àti ṣ náà sì ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní, ní kékeré tàbí ní ńlá. Gbogbo wọn jẹ́ 8. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mú ẹ, kí ó sì gbé àmì ohùn lé e lórí bí a ti ń gbé agbọ̀n lé ọmọ lórí. Bí ẹni tí ó ya ojú lẹ́tà náà kò bá fi ibi tí àmì yóò jókòó sí hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀, àmì náà lè yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó bọ́ sórí lẹ́tà tí ó tẹ̀lé e. Tàbí kí kọ̀ǹpútà yá lẹ́tà náà láti inú ojú lẹ́tà mìíràn, tí k inú ẹ̀kọ́ yóò fi jẹ́ ti Baskerville, tí ẹ̀ àti ọ́ yóò sì jẹ́ ti àjèjì.

Ìdẹkùn kan tún wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Èdè ilẹ̀ Vietnam náà ní ẹ àti ọ, nítorí náà ojú lẹ́tà tí a bá ṣe kí ó lè tẹ èdè náà yóò ní àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá fi ìyẹn nìkan dán an wò yóò wí pé, Ó tán, ó gbé Yorùbá. Ṣùgbọ́n èdè Vietnam kò ní ṣ, kò sì ń fi àmì ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ lé orí ẹ bí a ti ń ṣe. Nítorí náà, ṣ àti ẹ̀ ni kí a fi dán ojú lẹ́tà wò, kì í ṣe ẹ nìkan.

Àwọn kan wà tí a ṣe tìtorí irú èdè tiwa. Ẹgbẹ́ SIL, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn èdè tí ìwé wọn kò pọ̀, ni ó gbé mẹ́ta nínú wọn jáde, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Gentium, tí Victor Gaultney yà, ni èkíní. Èdè Látìn ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ti àwọn orílẹ̀-èdè. Ó súnmọ́ ilé àwọn àgbà, ó sì rọ̀ lójú. Charis ni èkejì, tí a mú láti ara Charter, lẹ́tà tí Matthew Carter yà ní 1987 fún àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò lè tẹ ohun tínrín dáradára. Nítorí náà apá rẹ̀ le, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì nípọn. Doulos ni ẹ̀kẹta, tí ó jọ Times New Roman bí ìbejì, ṣùgbọ́n a kò ṣe èyí tí ó ki tàbí èyí tí ó tẹ̀ fún un, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ àkọlé ní lẹ́tà kíki yóò wá ọ̀nà mìíràn. Kí a má sì ṣe àìṣòótọ́: Times New Roman tí ó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí ń gbé àmì wa ju ti àtijọ́ lọ dáradára.

Báwo wá ni a ó ṣe yan? Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí a mú ojú lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó jọra. Kí a fi olúkúlùkù tẹ gbólóhùn Ṣadé tí a kọ lókè yìí, kí a sì fi èyí tẹ̀lé e: Ọ̀pọ̀ igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti gbẹ. Nínú gbólóhùn kejì yìí, àmì abẹ́ lẹ́tà bá ìrù p àti ìrù g pàdé, ibẹ̀ sì ni lẹ́tà tí kò dára ti máa ń jẹ́wọ́. Kí a tẹ̀ wọ́n sórí bébà tí a ó lò gan-an, ní ìwọ̀n tí a ó lò gan-an, kí a sì ṣe ẹ̀dà wọn bí a ó ti ṣe ẹ̀dà ìwé náà. Kí a má kọ orúkọ sí wọn, kí a kàn kọ 1, 2, 3 sí ẹ̀hìn wọn, bí Franklin ti kọ́ wa. Lẹ́hìn náà kí a gbé wọn fún ẹni tí ìwé náà wà fún. Bí ọmọdé bá ni, kí ọmọdé kà á sókè, kí a sì fetí sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń ṣìnà.

Kí a rántí pẹ̀lú pé ìwọ̀n kan náà lórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìwọ̀n kan náà lójú. Póìǹtì 72 ni ó wà nínú ínǹṣì kan. Ṣùgbọ́n Garamond póìǹtì 12 yóò dàbí ẹni tí ó kéré sí Times New Roman póìǹtì 12, nítorí pé ara rẹ̀ kúrú. Kí a kọ́kọ́ mú wọn dọ́gba lójú kí a tó fi ọ̀kan wé èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó jẹ́ elégbè. Bákan náà ni àlàfo tí ó wà láàárín ìlà. Àmì abẹ́ lẹ́tà ìlà òkè àti àmì orí lẹ́tà ńlá ìlà ìsàlẹ̀ a máa kọlu ara wọn. Fún lẹ́tà póìǹtì 12, ohun tí kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi fúnni láti ìlà dé ìlà kò ju bí 14 lọ. Ní tiwa, ìwé Yorùbá tí ọmọdé yóò kà kò gbọdọ̀ dín sí 16.

Bí a bá ní kí a sọ ti ọkàn wa, a ó wí báyìí. Fún ìwé àkàkọ́ tí a ó fi fọ́tókọ́pì ṣe ẹ̀dà rẹ̀, Charis ni a fara mọ́, nítorí pé ó le, ó sì tún ní a àti g irú èyí tí a ń fi ọwọ́ kọ ní ìpamọ́, tí olùkọ́ lè pè jáde fún àwọn ọmọ. Fún ìwé ìròyìn àti ìwé ìtàn tí àgbà yóò kà, Gentium dára. Fún ìwé ìdánwò tí bébà rẹ̀ kò pọ̀, kí a mú Doulos tàbí Times New Roman, nítorí fífún wọn. Ṣùgbọ́n kí a má fi wọ́n tẹ ìlà gígùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ yóò pọ̀ jù nínú ìlà kan, ojú òǹkàwé yóò sì máa ṣìnà bí ó ti ń padà bọ̀. Baskerville lẹ́wà, kí a lò ó níbi tí bébà bá ti dára, tí a sì ti rí i dájú pé ó ní ṣ àti ẹ̀. Bodoni kò burú fún àkọlé ńlá lára ògiri, níbi tí apá tínrín rẹ̀ yóò ti ga tó láti hàn.

Ẹlòmíràn lè yàn yàtọ̀ sí èyí, a kò sì ní í bá a jà, bí ó bá ṣáà ti fi ọ̀rọ̀ tiwa dán lẹ́tà náà wò kí ó tó yàn án. Ní èdè Gíríìkì, Doulos túmọ̀ sí ìránṣẹ́, orúkọ náà sì bá gbogbo lẹ́tà mu. Ìránṣẹ́ tí ó bá wọ aṣọ dáradára, tí ó sì jíṣẹ́ ní àjísọnù, kò ṣe ọ̀gá rẹ̀ ní àǹfààní. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí ó bá kan yín láti tẹ ìwé fún kíláàsì yín, ẹ má ṣe mú lẹ́tà tí ó kọ́kọ́ bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ tẹ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ẹ gbé e síwájú ọmọ kan, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí yóò kà.